Tíránsífọ́mà Àdúgbò àti Ọkọ̀ Oníná

Tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ oníná bá délẹ̀, ohun tí àwọn èèyàn sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé, níbo ni iná tí gbogbo ọkọ̀ wọ̀nyí máa jẹ yóò ti wá? Ìbéèrè tó bójú mu ni. Àmọ́ láwọn ìlú tí ìjọba ìlú ti ní iléeṣẹ́ mànàmáná tirẹ̀, bíi Seattle, Austin àti Los Angeles ní Amẹ́ríkà, ohun mẹ́ta mìíràn ló ń gba àwọn òṣìṣẹ́ iná lọ́kàn: tíránsífọ́mà tó wà lórí òpó níwájú ilé, wákàtí tí onílé máa ń ki ṣájà bọ ọkọ̀, àti ibi tí ẹni tí kò ní àgbàlá máa ti rí iná fún ọkọ̀ tirẹ̀. Bí iléeṣẹ́ bá mójú tó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí dáadáa, iná tó wà nílẹ̀ á tó fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Bí kò bá mójú tó wọn, kò sí bí ìsédò ṣe lè tóbi tó tí àdúgbò ò ní máa ṣókùnkùn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Seattle. Iléeṣẹ́ tó ń jẹ́ Seattle City Light kì í ṣe ti oníṣòwò kankan, ará ìlú ló ni ín. Ní 1902 ni àwọn olùdìbò fọwọ́ sí i pé kí ìlú yá owó láti fi omi odò Cedar ṣe iná. Iná náà bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ní 1905, nígbà tó sì di 1910 wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀ka ìjọba ìlú tó dá dúró. Lónìí, ìsédò Gorge, Diablo àti Ross wà lórí odò Skagit, Boundary sì wà lórí odò Pend Oreille, gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ fún ìlú kan ṣoṣo yìí. Omi ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú iná wọn. Ẹni tó bá pa ọkọ̀ tó ń jẹ epo tì níbẹ̀, tó wá ra oníná, kò kàn gbé èéfín kúrò nídìí ọkọ̀ lọ sí ibòmíràn. Èéfín náà dín kù ní tòótọ́.

Jíjẹ́ tí iléeṣẹ́ jẹ́ ti ará ìlú tún ní ìtumọ̀ mìíràn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Owó tí wọ́n fi ri òpó, tí wọ́n fi na wáyà, tí wọ́n fi ra tíránsífọ́mà, wọ́n ti ná an tán, bóyá àwọn èèyàn lo iná lóru tàbí wọn ò lò ó. Bí ọkọ̀ bá wá ń jẹ iná ní aago méjì òru, nígbà tí wáyà ò níṣẹ́ púpọ̀, owó tuntun ń wọlé láìsí ìnáwó tuntun, ìyẹn sì ń dín ẹrù owó iná kù lọ́rùn gbogbo èèyàn, títí kan ìyá àgbà tí kò ní ọkọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ọkọ̀ bá ń jẹ iná ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oúnjẹ wà lórí iná tí gbogbo ilé sì tan gílóòbù, iléeṣẹ́ á ní láti fi kún wáyà àti tíránsífọ́mà, ìyá àgbà yẹn á sì bá ọlọ́kọ̀ san án. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ ṣájà inú ilé jẹ́ ti gbogbo ìlú nìyí, kì í ṣe ti ọlọ́kọ̀ nìkan.

Ó yẹ ká mọ bí ohun tí ọkọ̀ kan ń jẹ ṣe tó. Awakọ̀ kan ní Amẹ́ríkà máa ń rin nǹkan bíi 60 kìlómítà lójúmọ́. Ọkọ̀ oníná tó mọ níwọ̀n á jẹ nǹkan bíi kílówáàtì-wákàtí 11 lórí ìrìn yẹn. Ilé kan ní Amẹ́ríkà ń lo bíi 29 lójúmọ́ kí ọkọ̀ tó dé, nítorí náà ọkọ̀ kan á fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta kún iná ilé náà. Ó pọ̀, ṣùgbọ́n kò bani lẹ́rù. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri lásán níbẹ̀, tó jẹ́ fóòtì 120, lè fún ọkọ̀ ní kílówáàtì 1.4. Kí ọkọ̀ wà lórí rẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ títí di aago méje àárọ̀, á ti gba 14. Ohun tó jẹ lánàá ti padà sínú bátìrì, kódà lẹ́yìn èyí tó máa ń ṣòfò díẹ̀ lójú ọ̀nà. Lọ́dọ̀ tiwa ní Nàìjíríà àti ní Britain, níbi tí iná ti jẹ́ fóòtì 230, sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán lè ṣe ju ìyẹn lọ.

Èyí ló mú mi gbà pé ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́ tí iléeṣẹ́ lè ṣe kò ná an ní kọ́bọ̀: kí ó sọ fún ará ìlú, kó sọ ọ́ ketekete, pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò nílò ṣájà ńlá. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò jìnnà, tí ọkọ̀ rẹ̀ máa ń sùn nílé, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó dára, tí oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ ti yẹ̀ wò, ti tó o. Ẹni tó ń ta ṣájà kò ní sọ èyí fún oníbàárà, kò sì yẹ ká retí pé kó sọ ọ́. Iléeṣẹ́ tí ará ìlú ni ló yẹ kó sọ ọ́.

Síbẹ̀, ṣájà tó lágbára ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fẹ́, àwọn mìíràn sì nílò rẹ̀ ní tòótọ́: awakọ̀ takisí, nọ́ọ̀sì tó ń ti iṣẹ́ òru bọ́ sí iṣẹ́ ọ̀sán, ilé tó ní ọkọ̀ méjì. Irú ṣájà yìí ń lo fóòtì 240, ó sì lè gbé láti kílówáàtì 7 dé bíi 11. Kí òǹkàwé wa lè fojú inú wò ó, kílówáàtì 7 tó ẹ̀rọ amúlétutù márùn-ún tàbí mẹ́fà, irú èyí tó wà ní yàrá wa, tí gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibí yìí ni tíránsífọ́mà ti wọ ọ̀rọ̀.

Nígbà tí iléeṣẹ́ mànàmáná bá ń pinnu bí tíránsífọ́mà àdúgbò kan ṣe máa tóbi tó, wọn kì í ro gbogbo ohun èlò tó wà nílé kọ̀ọ̀kan pọ̀. Wọ́n mọ̀ pé bí ẹnì kan ṣe ń dáná ní ilé kìíní, ẹni kejì á ti fọṣọ tán, ẹni kẹta á ṣì wà lójú ọ̀nà. Ìyẹn ni wọ́n fi ń ní ìdánilójú pé tíránsífọ́mà kékeré tí agbára rẹ̀ jẹ́ kVA 25 á tó fún ilé mélòó kan. Kí mẹ́ta nínú àwọn ilé yẹn wá ra ọkọ̀ oníná, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ki ṣájà bọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe ń tibi iṣẹ́ dé: kílówáàtì 21 ti lọ. Ìwọ̀nba tó kù ni gbogbo àdúgbò á fi dáná alẹ́.

Tíránsífọ́mà náà kò ní kú lọ́jọ́ yẹn. Kọ́pà tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n fi bébà wé, tí wọ́n sì rì sínú epo. Ooru ló ń ba bébà yẹn jẹ́, díẹ̀díẹ̀. Láyé àtijọ́, ooru ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ á pọ̀ lára rẹ̀, àmọ́ tó bá di òru, tí èèyàn ti sùn, á tutù. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ń gbà á lọ́wọ́ láti ìrọ̀lẹ́ mọ́júmọ́, kò sí àkókò tó máa fi tutù mọ́, bí àgbẹ̀ tó ti oko dé tí wọn ò jẹ́ kó sùn kí ilẹ̀ tó mọ́. Èyí tó yẹ kó lo ọ̀pọ̀ ọdún á bẹ̀rẹ̀ sí í gbó ṣáájú àkókò, ọjọ́ kan á sì dé tó máa bú gbàmù tí òkùnkùn á bo gbogbo òpópónà.

Ní Sacramento, olú ìlú ìpínlẹ̀ California, iléeṣẹ́ SMUD ló ń pín iná. Àwọn ará ìlú ló dìbò dá a sílẹ̀ ní 1923, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìparí 1946 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín iná. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2017 nípa iléeṣẹ́ náà fojú bù ú pé bí ọkọ̀ oníná bá pọ̀ sí i nílé àwọn èèyàn, tíránsífọ́mà tó tó 12,000, ìyẹn bíi 17 nínú 100 gbogbo èyí tí wọ́n ní, lè gba pípààrọ̀, àti pé ọ̀kọ̀ọ̀kan á ná wọn ní bíi 7,400 dọ́là. Ẹ ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀, ó ń lọ sí mílíọ̀nù 89 dọ́là. Kì í ṣe owó ìsédò tuntun, kì í ṣe owó ẹ̀rọ amúnáwá. Owó ohun tó wà lórí òpó níwájú ilé ni. Ẹni tó ń gbé ní Ìbàdàn tàbí Èkó kò ní bi mí pé kí ni mò ń sọ. Àìmọye àdúgbò ló ti dáwó jọ ra tíránsífọ́mà fúnra wọn lẹ́yìn tí èyí tó wà jóná, torí pé ilé pọ̀ lórí rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Kí iléeṣẹ́ tó lè dáàbò bo tíránsífọ́mà kan, ó ní láti mọ ohun tó wà lórí rẹ̀. Ìṣòro tó wà ńbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ iná kó tó ra ọkọ̀. Èèyàn á ra ọkọ̀ ní Sátidé, á pe oníṣẹ́ iná ní Mọ́ńdè, ṣájà á ti wà lára ògiri kí ọ̀sẹ̀ tó parí, iléeṣẹ́ ò sì gbọ́ nǹkan kan. Ní Britain, òfin ní kí ẹni tó bá fi ṣájà síbẹ̀ fi tó iléeṣẹ́ tó ni wáyà àdúgbò létí. Ní Austin, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn. Austin Energy, iléeṣẹ́ tí ìlú Austin ti ní láti 1895, ṣètò pé ẹni tó bá ra ṣájà ńlá sílé lè gba ìdajì owó rẹ̀ padà, tí kò gbọ́dọ̀ ju 1,200 dọ́là lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé ẹ̀bùn lásán ni irú owó yìí, àwọn kan sì ń ṣàríwísí rẹ̀ pé ìjọba ń fún olówó lówó. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó náà gbọ́dọ̀ kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀, kó sọ irú ṣájà tó rà, kó fi ìwé àṣẹ oníṣẹ́ iná hàn. Lójú ẹsẹ̀, iléeṣẹ́ ti mọ orí òpó wo ni ẹrù tuntun gùn. Ohun tí iléeṣẹ́ ń fi owó yẹn rà gan-an nìyẹn. Mítà ìgbàlódé tún máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́: ilé tí iná rẹ̀ máa ń ṣàdédé fò sókè lọ́gànjọ́ pẹ̀lú kílówáàtì 7, tí kò kúrò níbẹ̀ fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, tó sì tún wálẹ̀ lójijì, kò sí ohun mìíràn tó lè wà níbẹ̀ ju ọkọ̀ lọ.

Lẹ́yìn mímọ̀ ni ọ̀rọ̀ wákàtí kàn. Ọkọ̀ dára ju sítóòfù àti amúlétutù lọ nínú ohun kan: kò fẹ́ iná lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa kò lè sún oúnjẹ alẹ́ di aago mẹ́ta òru, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó dúró láti aago méje alẹ́ di aago méje àárọ̀, tó sì nílò wákàtí méjì péré nínú méjìlá yẹn, kò bìkítà nípa èyí tí wọ́n bá fún un. Owó ni iléeṣẹ́ sábà fi ń pe ọlọ́kọ̀ síbi wákàtí tó dára. Ní Sacramento, láti aago márùn-ún sí mẹ́jọ alẹ́, ní ọjọ́ iṣẹ́, ni iná ti wọ́n jù; ẹni tó bá sì fi orúkọ ọkọ̀ oníná rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń yọ sẹ́ǹtì kan ààbọ̀ fún un lórí kílówáàtì-wákàtí kọ̀ọ̀kan láti ọ̀gànjọ́ di aago mẹ́fà àárọ̀. Austin náà dán ètò kan wò tí wọ́n pè ní EV360, níbi tí ọlọ́kọ̀ ti ń san 30 dọ́là lóṣù, tí á sì máa ki ọkọ̀ rẹ̀ bọ iná nílé bó ṣe wù ú, bí kò bá ti wọ inú wákàtí tí iná wọ́n. Mo fẹ́ràn irú èyí, torí pé kò sí ìṣirò kankan tí èèyàn ní láti máa ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì. Iye kan ni, wákàtí kan ni, ó yé ọmọdé yé àgbà.

Ṣùgbọ́n owó nìkan lè dá ìṣòro tuntun sílẹ̀. Bí iná bá di pọ́ọ́kú ní aago méjìlá òru gééré, gbogbo ọlọ́kọ̀ á ṣètò ọkọ̀ wọn sí aago méjìlá òru gééré. Ní ìṣẹ́jú kan náà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ṣájà á jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tíránsífọ́mà tí wọ́n yọ lọ́wọ́ ìdààmú aago mẹ́fà á sì bọ́ sínú èyí tó le jù ú lọ. Ìjọba Britain ti rí èyí ṣáájú. Nínú òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2022, ṣájà ilé tuntun gbọ́dọ̀ lè gba àṣẹ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbọ́dọ̀ ti ṣètò rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ kó má ṣiṣẹ́ ní wákàtí tí iná wọ́n àfi tí onílé bá yí i padà, ó sì gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀nba ìṣẹ́jú kan falẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, èyí tó lè tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ iye tí ṣájà kọ̀ọ̀kan máa mú. Ọ̀kan á jí ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú méjì, òmíràn ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ohun kékeré ni lójú, ṣùgbọ́n ó ń gba gbogbo àdúgbò là.

Èyí tó tún lọ jìnnà jùyẹn ni kí ọlọ́kọ̀ gba iléeṣẹ́ láàyè láti máa ṣètò rẹ̀ fún un. Ọlọ́kọ̀ á sọ ohun méjì péré: aago tó máa jáde, àti bí bátìrì ṣe gbọ́dọ̀ kún tó nígbà yẹn. Èyí tó kù di ti kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́, tó mọ ọkọ̀ mélòó ló wà lórí tíránsífọ́mà kọ̀ọ̀kan, tó sì máa pín òru láàárín wọn. Kí ètò yìí tó lè ṣiṣẹ́, àwọn èèyàn gbọ́dọ̀ fọkàn tán iléeṣẹ́. Bí ọlọ́kọ̀ kan bá jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó rí i pé bátìrì òun ò kún, tó sì pẹ́ dé ibi iṣẹ́, á yọ ara rẹ̀ kúrò, á sì sọ fún aládùúgbò. Ìdí nìyí tí bọ́tìnì kan fi gbọ́dọ̀ wà nígbà gbogbo tí onílé lè tẹ̀ láti gba iná lójú ẹsẹ̀, láìsí àlàyé, láìsí ìyà.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé òru ló dára fún gbogbo ìlú. Ní ìwọ̀ oòrùn Texas, níbi tí Austin ti ń ra iná afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ máa ń fẹ́ dáadáa lóru, òru sì bá ọkọ̀ wọn mu. Ní California, iná oòrùn ti pọ̀ débi pé ó máa ń ṣẹ́ kù lọ́sàn-án láwọn ọjọ́ kan, ìṣòro wọn sì ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Níbẹ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé tàbí tó ti fẹ̀yìn tì lè ki ọkọ̀ bọ iná ní aago kan ọ̀sán, ọpẹ́ ló máa gbà. Ní Seattle, ìgbà òtútù ni iná máa ń wọ́n, torí pé iná ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń mú ara gbóná, kùtùkùtù àárọ̀ tútù sì le bí ìrọ̀lẹ́. Iléeṣẹ́ tó bá kàn da ètò ìlú mìíràn kọ máa kó ọlọ́kọ̀ rẹ̀ lọ sí wákàtí tí kò bá ibẹ̀ mu.

Nínú ilé fúnra rẹ̀, àpótí bréékà ló sábà máa ń dá iṣẹ́ dúró. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Amẹ́ríkà ló jẹ́ pé áńpíà 100 péré ni iná tó wọlé síbẹ̀. Òfin iná wọn sì sọ pé ohun tó bá máa ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìdúró, irú bíi ṣájà ọkọ̀, kò gbọ́dọ̀ gbà ju 80 nínú 100 agbára bréékà rẹ̀ lọ. Bréékà 40, áńpíà 32 ni kó lò. Oníṣẹ́ iná á wo àpótí náà, á mirí, á ní àfi kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, kí wọ́n sì fa wáyà tó nípọn jù wá láti orí òpó. Ẹgbẹ̀rún dọ́là mélòó kan ti lọ nìyẹn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sì pọn dandan. Ṣájà lè wà tó ń wo bí ilé ṣe ń lo iná, tó máa dín tirẹ̀ kù nígbà tí sítóòfù bá ń ṣiṣẹ́, tó sì máa gbé e sókè nígbà tí wọ́n bá sùn. Ṣájà tó mọ níwọ̀n, áńpíà 16 lórí fóòtì 240, tó ń gbé bíi kílówáàtì 3.8, á mú kí bátìrì ọkọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn kún kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mò ń pín owó ìrànlọ́wọ́ iléeṣẹ́, ẹni tó yan ṣájà kékeré ni mo máa fún ní èyí tó pọ̀ jù, torí pé òun ló ń dá owó sí àpò gbogbo ìlú. Mo sì máa rán ẹnì kan lọ wo àpótí bréékà àwọn tí owó ò pọ̀ lọ́wọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́, kí oníṣẹ́ iná tó fẹ́ pa owó má baà jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tó máa gbà wọ́n nímọ̀ràn.

Gbogbo ohun tí mo ti sọ títí dé ibí yìí, ti ẹni tó ní àgbàlá ni. Ẹni tó ń gbé nínú fúláàtì ńkọ́? Ẹni tó yálé, tó ń gbé ọkọ̀ sí etí títì, tí kì í ríbi kan náà gbé e sí lálẹ́ méjì? Ọ̀rọ̀ àwọn yìí ló ká mi lára jù, nítorí pé àwọn ló sábà máa ń ra epo tó pọ̀ jù sínú ọkọ̀ tó ti gbó. Bí ìlú bá fi owó gbogbo ènìyàn ran àwọn tó ní ilé nìkan lọ́wọ́, ó ti fi ayálégbé sílẹ̀ sẹ́yìn.

Seattle City Light gbìyànjú ohun kan níbi èyí tó yẹ kí ìlú púpọ̀ wò. Ní 2022 wọ́n sọ fún ará ìlú pé ẹni tí kò bá ní ibi ìgbọ́kọ̀sí nílé lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé ṣájà sí etí títì ní àdúgbò òun. Ẹni tó bẹ̀bẹ̀ kò ní san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Iléeṣẹ́ ló ni ṣájà náà, òun ló ń tún un ṣe, ẹnikẹ́ni tó bá sì lò ó á san owó iná tó lò. Àwọn mìíràn nínú ṣájà náà wà lára òpó iná tí iléeṣẹ́ ti rì síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: òpó ti wà, wáyà ti wà lókè, kò sí kòtò gígùn tí wọ́n máa gbẹ́ sí ojú títì. Los Angeles rí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ láti ọ̀nà mìíràn. Láti 2009, ìlú náà pààrọ̀ iná títì tó lé ní 100,000 sí LED, tí kì í jẹ iná púpọ̀. Wáyà tó ń gbé iná ńlá tẹ́lẹ̀ wá ní àyè lára. Àyè yẹn ni wọ́n lò láti fi ṣájà ọkọ̀ sára àwọn òpó iná títì.

Àwọn èèyàn wa tó wà ní Peckham àti àwọn àdúgbò mìíràn ní London mọ irú èyí, torí pé ṣájà ti wà lára òpó iná títì níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Kì í yára, àmọ́ ọkọ̀ tó sùn síbẹ̀ á gbà tó. Ohun tó ń dùn wọ́n níbẹ̀ ni owó. Ẹni tó ní àgbàlá tirẹ̀ ń san owó orí VAT 5 nínú 100 lórí iná tó fi sínú ọkọ̀ nílé. Ẹni tó ń lo ṣájà títì ń san 20. Kí a tiẹ̀ yọ iye iná fúnra rẹ̀ kúrò, èyí tó ti wọ́n jù tẹ́lẹ̀ lójú títì, òfin owó orí ti fi ayálégbé sílẹ̀ ní ìpín tó le jù. Iléeṣẹ́ tí ìlú ni lè tún irú èyí ṣe níbi tí agbára rẹ̀ dé: kí ó jẹ́ kí owó iná lójú títì lóru sún mọ́ iye tí onílé ń san, kí ó sì fún ẹni tí àdírẹ́sì rẹ̀ wà ní àdúgbò náà ní àǹfààní yẹn.

Ilé fúláàtì le díẹ̀ sí i, torí pé onílé gbọ́dọ̀ gbà. Ní California, òfin ti sọ pé onílé tàbí ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso fúláàtì kò gbọ́dọ̀ kàn kọ̀ láìnídìí bí ẹnì kan bá fẹ́ fi ṣájà síbi tó ń gbé ọkọ̀ sí. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kì í fa wáyà. Ohun tí mo rò pé iléeṣẹ́ lè ṣe tó máa wúlò jù ni kó dẹ́kun fífi ṣájà ńlá méjì sí igun kan, tí àwọn ọgbọ̀n èèyàn á máa du ara wọn lórí rẹ̀, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí ṣájà kékeré sí ibi ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo wọn máa pín iná kan náà láti ọwọ́ ẹ̀rọ kan. Àlàyé tí mo ṣe lókè nípa òru wákàtí mẹ́wàá wúlò níbí: èyí tó lọ́ra tó sì wà níbi tí ọkọ̀ ń sùn sàn ju èyí tó yára tí èèyàn gbọ́dọ̀ jí lọ́gànjọ́ lọ gbé ọkọ̀ kúrò nídìí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni àtúnṣe kì í tán. Ní àwọn ìlú Amẹ́ríkà kan, àwọn olè ń gé okùn ṣájà lójú títì nítorí kọ́pà inú rẹ̀, ṣájà tí wọ́n fi owó gọbọi gbé kalẹ̀ á wá dúró síbẹ̀ láìwúlò. Níbi tí aládàáni ti gbé e kalẹ̀, tí èrè rẹ̀ ò sì pọ̀ ní àdúgbò yẹn, ó lè pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wá wò ó. Iléeṣẹ́ tó ni òpó, tó ní ọkọ̀ àtẹ̀gùn, tó sì ní òṣìṣẹ́ tó ń gun òpó ní àdúgbò yẹn lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ló wà nípò láti tún un ṣe kíákíá. Níbi tí mo ti gbà pé ó yẹ kí iléeṣẹ́ ìlú ní ṣájà fúnra rẹ̀ nìyí, kì í ṣe gbogbo ibi: ní àwọn àdúgbò tí oníṣòwò kò ní dé.

Ní ti ilé tuntun, Seattle ṣe òfin kan ní 2019 pé ilé tí wọ́n bá ń kọ́, tó ní ibi ìgbọ́kọ̀sí, gbọ́dọ̀ ní ètò iná tó máa lè gba ṣájà ńlá lọ́jọ́ iwájú, bí ẹni tó fẹ́ gbé ibẹ̀ kò tiẹ̀ tíì ní ọkọ̀ oníná. Páìpù tí wọ́n fi sínú kọnkéré lọ́jọ́ tí wọ́n ń dà á kò wọ́n. Páìpù kan náà, lẹ́yìn tí kọnkéré ti gan, ó di pé kí wọ́n fọ́ ilẹ̀, kí wọ́n gé ògiri, kí wọ́n tún tún un ṣe. Ní Nàìjíríà, níbi tí òfin iná mànàmáná ọdún 2023 ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti máa bójú tó iná tirẹ̀, ilé fúláàtì ń jáde láti ilẹ̀ ní Lẹ́kì àti ní Ìbàdàn lójoojúmọ́, wọ́n sì ń da kọnkéré ibi ìgbọ́kọ̀sí wọn báyìí láìsí páìpù kankan nínú rẹ̀. Òfin tó máa ní kí wọ́n fi í sí i kò nílò kí ọkọ̀ oníná kọ́kọ́ pọ̀ lójú títì wa, kò sì nílò kí iná ọba kọ́kọ́ dúró déédéé.